Bọ́tìnnì Ló Kù

Wọ́n ti tẹ́ maṣíìnì ìránṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì nọ́ńbà mẹ́rin, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé ọrùn. Wọ́n ń fa omi sí i lára, àmọ́ òróró ẹ̀rọ ló wà nínú ike tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí aláìsàn. Mo ní a ti jọ wà fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyàwó mi ni. Mi ò bá a jiyàn, nítorí pé ohun tí Àwẹ̀ró ìyàwó mi máa ń sọ nípa maṣíìnì náà nìyẹn nígbà tó wà láyé.

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkirè ni wọ́ọ̀dù náà. Mo fi páànù tó ń jò lápá ọ̀tún dá a mọ̀, àti tábìlì ìgéṣọ tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù jẹ́ aṣọ tí àwọn èèyàn gbé wá fún mi tí mi ò tíì rán. Wọ́n ká ara wọn pọ̀, wọ́n ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Léèsì kan ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi fún un, ó mu ún tán, ó dá ife padà.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ mí. Orúkọ mi ni Oyèkúnlé, Bàbá Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, kò sì sí agbádá gidi kan ní Ìkirè tí kò gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó mú agbádá rẹ̀ wá ká yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pákínsìn ni wọ́n pe àìsàn náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé irú aṣọ kan ni, ó kù díẹ̀ kí n béèrè pé yáàdì mélòó ni. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Maṣíìnì la ojú. "Kò sí ohun tó ń ṣe mí," ó wí. "Ìwọ ni ara rẹ ò yá. Nígbà tí wọ́n béèrè aláìsàn, èmi lo nàka sí."

Mo ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, bóyá ìka ló ṣìnà.

"Dókítà ń bọ̀ lágogo méjì," ó ní. "Sọ òótọ́ fún un." Ó tún pa ojú dé.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ara ńkọ́?"

Mo ní, "A dúpẹ́." Bọ́tìnnì funfun kan jábọ́ lẹ́nu mi, ó ró lórí sìmẹ́ńtì. Bọ́tìnnì oníhò mẹ́rin ni, irú èyí tí à ń lò fún ṣẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì ṣà á, ó jù ú sínú abọ́ irin kan, kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́tìnnì ti pọ̀ nínú abọ́ náà. Mo mọ̀ pé tèmi ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Bí èèyàn bá kí ọ, o ò gbọ́dọ̀ da ẹrù inú rẹ lé e lórí. A dúpẹ́ ni, kò séwu ni, Ọlọ́run ń ṣe é ni. Ẹni tí wọ́n kí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrora, wọ́n á ní kò moore. Èmi wá burú ju àwọn yòókù lọ nítorí pé télọ̀ ni mí. Bí oníbàárà bá dé, tí mi ò tíì tú aṣọ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá, màá ní, "Ó ti parí, bọ́tìnnì ló kù." Inú rẹ̀ á dùn, á lọ. Ó lé lógójì ọdún tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ti mọ ọ̀nà. Dókítà ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé báwo ni ara. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní a dúpẹ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó tún oògùn ọwọ́ ṣe, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ń yá, ó ní ó di oṣù mẹ́ta. Lóòótọ́ ọwọ́ sàn díẹ̀. Ti inú ni mi ò sọ.

Àwọn oògùn ọwọ́ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn mẹ́ta, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò lè bá mi wo inú náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Bàbá, iṣẹ́ tí wọ́n bá rán wa là ń jẹ́. Wọn ò rán wa síbẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́.

Dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ṣì wà lára ògiri. Mo wo inú rẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti lọ ojú mi. Kò sí ìṣẹ́po kan níbẹ̀ mọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tó wà lórí tábìlì ní òun ni. "Mo kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí n tó lọ̀ ọ́," ó wí. Mo yìn ín, torí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ojú náà ò yí padà. Mo gbìyànjú láti fajú ro, bákan náà ni. Ẹni tó bá wo ojú yẹn lè rò pé mo ń bínú, ó sì lè rò pé nǹkan kan ò ṣe mí rárá. Ìbídùn ọmọ mi, tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti wá máa tọ́jú mi, ti bi mí rí pé kí ni òun fi ṣẹ̀ mí. Kò fi nǹkan kan ṣẹ̀ mí. Ó dùn mí wọra pé ó béèrè.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ṣí sínú yàrá tí mo ń sùn nílé. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fa téèpù yọ lápò. Yàrá yẹn ni ìdí tí ọ̀rọ̀ dókítà fi ká mi lára. Láti ọdún tó kọjá ni ògiri apá ọ̀tún ti ń sún mọ́ mi, ínǹṣì kan lọ́sẹ̀, kì í sì í pariwo. Rédíò mi ló kọ́kọ́ gbé mì, mi ò sì bìkítà. Lẹ́yìn náà ló gbé àga tí mo máa ń gbé síwájú ilé láti máa fi wo aṣọ ọrùn àwọn tó ń kọjá, kí n lè mọ ẹni tí télọ̀ rẹ̀ ò mọ iṣẹ́. Ó gbé adùn ọbẹ̀ mì. Ó gbé oorun mì. Rédíò náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú ògiri, ó ń sọ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ, pé ọjọ́ ogbó ni, pé kò sí oògùn fún ọjọ́ ogbó.

Mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, ínǹṣì mẹ́jọ ló kù láàrin ògiri àti àyà mi. Bí dókítà bá tún lọ láìmọ̀, ó di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Télọ̀ ni mí, ẹnìkan ò lè fi ìṣirò ínǹṣì tàn mí jẹ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù ò bà mí. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo ń sọ nínú mi pé bó bá fẹ́ dé, kó tètè dé.

Ìbídùn fi ẹ̀gbẹ́ wọlé nítorí àyè ò gbà á. Ó gbé ògì àti àkàrà dání. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun díẹ̀. Ṣé kò séwu o?"

Mo ní kò séwu. Bọ́tìnnì jábọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó yọ abẹ́rẹ́ nínú irun rẹ̀, ó sì rán an mọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí aṣọ náà. Bọ́tìnnì ló bò ó láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó ti wúwo débi pé ọmọ náà ń tẹ̀ bó ṣe ń rìn.

"Yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀," mo wí.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kó o fún mi, bàbá."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo fẹ́ sunkún, ojú tí wọ́n ti lọ̀ ò jẹ́. Mo jẹ àkàrà kan nítorí tirẹ̀, kò dùn, kò korò.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, Àwẹ̀ró ti wà nídìí tábìlì ìgéṣọ. Ọdún kẹjọ tó ti kú nìyẹn. Ìró tó máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀bù ló ró, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ funfun kan. "Ẹ kú ilé," ó ní, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Inú mi ì bá dùn, ká ní inú mi ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń dùn. Mo ní, "Àwẹ̀ró, mo fẹ́ bá ọ lọ."

"Bàbá Ìbídùn, mi ò wá mú yín," ó wí. "Aṣọ yìí ni mo wá wò."

Mo fọwọ́ kan aṣọ náà. Wọ́n ti gé e. Mo wo etí rẹ̀, gígé náà tọ́, kò wọ́ níbì kankan. Gígé ọwọ́ mi ni, ti ìgbà tí ọwọ́ náà ò tíì máa gbọ̀n. Mo fi téèpù wọn èjìká rẹ̀, mo wọn apá rẹ̀, tèmi ni gbogbo rẹ̀. Kò ní àpò. Mo ti rán irú rẹ̀ fún àwọn ẹbí òkú rí, wọn kì í ní kí n fi àpò sí i.

"Ta ló gé e?" mo béèrè.

"Ta ni ìbá gé e bí kò ṣe ẹ̀yin? Díẹ̀díẹ̀ lẹ ń gé e, nígbàkigbà tí wọ́n bá bi yín léèrè tẹ́ ẹ ní a dúpẹ́." Ó ká aṣọ náà, ó fi sábẹ́ apá. "Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi ni mo ti ń bá yín jà lórí irọ́ bọ́tìnnì yẹn. Ẹ ò gbọ́. Ẹ wò ó, oníbàárà yín ti dé."

Òdodo ọ̀rọ̀ ló sọ. Nígbà ayé rẹ̀, òun ni àwọn oníbàárà máa ń bú. Èmi á ti sá sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Múdà ló wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ni, pákó ló ń tà. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ló gbé léèsì wá kí n fi rán agbádá tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló wá wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ní bọ́tìnnì ló kù. Agbádá kì í ní bọ́tìnnì. Òun náà mọ̀, kò fẹ́ dójú tì mí ni. Ó kú kí Iléyá tó dé. Wọ́n sin ín, léèsì rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì mi, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó. Eruku pákó ṣì wà ní èjìká rẹ̀. "Télọ̀," ó ní, "ṣé ó ti ṣe tán?"

Bọ́tìnnì ti dé ẹ̀yìn eyín mi. Mo fi ahọ́n tì í padà. Mo ní, "Múdà, mi ò tíì gé e. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rárá. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Mo dúró kó bú mi. Ẹ̀rín ló rín, ó fi ẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ ò tilẹ̀ tó ogún." Ó ní aṣọ kọ́ ni òun máa ń wá wò. Ìyàwó òun ti kú lọ́dún yẹn, ilé ò gba òun, òun kàn fẹ́ rí ẹni jókòó tì ni. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti dé, tí mo bá ti ní bọ́tìnnì ló kù, kí ni òun tún fẹ́ dúró ṣe? Òun á yí padà, òun á lọ sílé.

Mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo rò pé inú rere ni mo fi ń sọ ọ́. Ojú tì mí, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò tó ẹ̀bẹ̀. Ó lọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì léèsì tí mo bu omi fún, ó ń fi fìlà fẹ́ ẹ.

Aago lù méjì. Dókítà ti jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, ọmọbìnrin kékeré ni, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Ògiri yàrá mi ti bá mi dé wọ́ọ̀dù. Ó wà ní àyà mi gan-an, ó tutù. Dókítà ṣí ìwé rẹ̀, ó mú bírò. Ó ní, "Ẹ káàsán, bàbá. Báwo ni ara?"

Àwọn aṣọ dákẹ́ ikọ́. Maṣíìnì la ojú kan.

Mo gbé bọ́tìnnì náà mì. Ó gún mi lọ́fun. Mo ní, "Dókítà, inú mi ò dùn. Ó ti lé lọ́dún kan. Oúnjẹ ò wù mí, èèyàn ò wù mí, mi ò rí oorun sùn. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ má mọ́ bá mi."

Ohùn mi kéré, bó ṣe máa ń kéré láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, àmọ́ ó gbọ́. Ó fi bírò sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti rò ó rí láti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi ní jàǹbá. Mo ní rárá, ògiri ni mo kàn ń dúró dè. Ó wo ògiri náà, ó fi ìka kàn án, ó ní òun mọ̀ ọ́n.

"Àìsàn tó ń gbọn ọwọ́ yín náà ló ń tì í," ó wí. "Inú ọpọlọ kan náà ni wọ́n ti ń wá. Ìdoríkodò ni, àìsàn ni, a sì ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó, bàbá. Kì í sì í ṣe pé ẹ ò moore." Ó ní oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn orí fífọ́ tí èèyàn ń lò lónìí kó sàn lónìí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó mọ ìyàtọ̀. Ó ní ẹnì kan wà tí màá máa jókòó bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti pé màá máa rìn láràárọ̀, kí n sì padà sáàrin èèyàn. "Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ohun tí ẹ ò bá sọ," ó ní.

Mo bi í pé ṣé ògiri á padà síbi tó ti wá. Ó ní òun ò lè ṣèlérí gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n, ó ti di ínǹṣì kan láàrin òun àti àyà mi. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n èémí ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo sunkún nígbà náà. Omijé ń ṣàn lórí ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò rí ibi kankan dúró sí, ó ń kán sórí téèpù. Ara tù mí. Mo yíjú láti pe Ìbídùn kó wá gbọ́.

Mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbọ̀n lórí àyà mi. Yàrá náà fẹ̀ bó ṣe máa ń fẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ní ilé ìwòsàn ti pé, mo sì rí i pé mi ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wàhálà tí mo ti ṣe, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lójú ayé. Ó dùn mí bí ìgbà tí èèyàn rán aṣọ tán tó wá rí i pé òdì ló rán an sí. Màá tú u, màá tún un rán.

Ìbídùn kan ilẹ̀kùn, ó ru omi ìwẹ̀ wọlé. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa, bàbá?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi mọ̀ ti dúró níwájú. Mo ní, "Rárá, Ìbídùn. Inú mi ò dùn. Ó ti pẹ́."

Ohùn mi ò jáde tó. Ó ń gbé korobá sílẹ̀ lọ́wọ́, irin rẹ̀ dún bo ọ̀rọ̀ náà. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ ní kí ni, bàbá? Mi ò gbọ́."

Mo ṣì lè yí i padà sí a dúpẹ́. Mo fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì tún un sọ.